Sípíkà Àárín àti Sípíkà Gogoro: Èwo Ló Ń Gbé Ọ̀rọ̀, Èwo Ló Ń Gbé Orin?

Ohun tí mo ń gbọ́ jù lọ lẹ́nu àwọn tó ra home theatre ní Ìkòròdú níbí rèé: "Bọ̀ọ̀dá, ó ń pariwo o, ṣùgbọ́n a ò gbọ́ nǹkan tí wọ́n ń sọ." Bí orin bá ń lọ, gbogbo ilé á máa mì. Bí ìbọn bá dún nínú fíìmù, ọmọdé á sá wọ yàrá. Ṣùgbọ́n tí tọkọtaya inú fíìmù bá wá ń bá ara wọn sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́, ẹni tó di rìmóòtù mú á gbé ohùn sókè, tí ìbọn bá sì tún dún, á yára fà á wálẹ̀. Báyìí ni wọ́n á ṣe máa bá a yí títí fíìmù á fi parí.

Tí irú ẹni bẹ́ẹ̀ bá wá rí owó fi kún un, sípíkà gogoro méjì ló máa ń kọ́kọ́ wá sí i lọ́kàn, àwọn tó ń dúró nílẹ̀ẹ́lẹ̀ lápá ọ̀tún àti òsì tẹlifíṣọ̀n. Wọ́n ga, wọ́n rẹwà, àlejò á ti rí wọn kó tó jókòó. Èyí tó kéré, tó gùn gbọọrọ, tó ń dùbúlẹ̀ sábẹ́ tẹlifíṣọ̀n, tí à ń pè ní sípíkà àárín, kò sẹ́ni tó ń kà á sí. Òun gan-an ló sì ń gbé ọ̀rọ̀. Owó ńlá là ń ná sórí nǹkan wọ̀nyí, ó sì máa ń dùn mí tí mo bá rí ẹni tó ná tirẹ̀ síbi tí kò ti ní yanjú ìṣòro tó gbé e jáde nílé.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ń gbà jáde

Fíìmù tí wọ́n bá kọ 5.1 sí lára, ohùn mẹ́fà ni wọ́n dì pọ̀ sínú rẹ̀: iwájú lósì, àárín, iwájú lọ́tùn-ún, méjì tó ń dún láti ẹ̀gbẹ́ tàbí ẹ̀yìn ẹni tó ń wò, àti ẹyọ kan fún ìró ìsàlẹ̀ nìkan, èyí tí subwoofer ń gbé. Ẹni tó po ohùn fíìmù náà pọ̀ ló pinnu ohun tó ń lọ síbi kọ̀ọ̀kan. Ọ̀rọ̀ ẹnu òṣèré, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ pé gbogbo rẹ̀ ni wọ́n ń kó sí àárín. Orin, òjò, ọkọ̀ tó ń kọjá, ariwo ọjà, òsì àti ọ̀tún ló ni ọ̀pọ̀ nínú wọn.

Ẹni tó bá mọ ìlù dùndún á tètè lóye èyí. Ìyáàlù ló ń sọ̀rọ̀. Kẹríkẹrì àti gúdúgúdú ń gbé e lẹ́sẹ̀. Bí awọ ìyáàlù bá ti ya, tí ẹ wá lọ ra kẹríkẹrì ńlá méjì kún ti tẹ́lẹ̀, ariwo á pọ̀ sí i, oríkì ò sì ní yé ẹnikẹ́ni.

Kì í ṣe òní ni wọ́n ti mọ̀ pé mẹ́ta ló yẹ kó wà níwájú. Ní ọjọ́ 27 oṣù kẹrin ọdún 1933, àwọn onímọ̀ Bell Laboratories ní Amẹ́ríkà fi wáyà tẹlifóònù gbé orin ẹgbẹ́ olórin ńlá kan láti Philadelphia dé gbọ̀ngàn kan ní Washington. Ohùn mẹ́ta ni wọ́n fi ránṣẹ́, ibi mẹ́ta ni ó sì ti ń dún síwájú àwọn olùgbọ́: òsì, àárín, ọ̀tún. Ohun tó jẹ́ kó di méjì nígbà tó máa wọlé wa ni àwo rẹ́kọ́ọ̀dù tó gba ìgboro ní 1958. Ìlà tí abẹ́rẹ́ ń tọ̀ lára àwo náà kò ní ju ògiri méjì lọ, ohùn méjì ló sì lè gbé. Ilé sinimá ò fi àárín tiwọn sílẹ̀ ní tiwọn.

Ẹnìkan lè ní: ṣebí sípíkà méjì náà ń mú ohùn wá sí àárín? Òótọ́ ni, tí ẹ bá jókòó síbi tó yẹ. Bí ohùn kan náà bá ń jáde lọ́gbọọgba lósì àti lọ́tùn-ún, tí ẹ sì wà láàárín gbùngbùn, ọpọlọ yín á gbà pé inú tẹlifíṣọ̀n ni ó ti ń bọ̀. Ṣùgbọ́n mélòó nínú wa ló ń dá nìkan wo fíìmù láàárín gbùngbùn? Pálọ̀ tiwa, àga yí ògiri mẹ́ta ká ni. Ní ilé kan tí mo ti bá wọn to home theatre ní Ìgbógbó, àga Bàbá kọjú sí tẹlifíṣọ̀n gan-an, Alhaja ń jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé lọ́wọ́ ọ̀tún kí atẹ́gùn lè máa fẹ́ sí wọn, àwọn ọmọ wà lórí kápẹ́ẹ̀tì. Mo pa sípíkà àárín, mo jẹ́ kí gogoro méjèèjì nìkan máa dún. Bàbá ní, "Kò sí ìyàtọ̀ kankan." Alhaja ní, "Etí mi níbí ni ẹni yẹn ti ń sọ̀rọ̀, ẹnu rẹ̀ sì ń mì lọ́hùn-ún." Òótọ́ ni àwọn méjèèjì sọ.

Etí wa máa ń gba ibi tí ohùn bá ti kọ́kọ́ dé gẹ́gẹ́ bí orísun rẹ̀. Helmut Haas, onímọ̀ ará Jámánì, ṣe iṣẹ́ ìwádìí lórí èyí ní 1949. Ìró ń rin nǹkan bíi mítà 343 ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Bí gogoro ọ̀tún bá fi mítà kan péré sún mọ́ Alhaja ju ti òsì lọ, ohùn rẹ̀ á fi bí ìdá mẹ́ta nínú ẹgbẹ̀rún ìṣẹ́jú àáyá ṣáájú. Kò tó nǹkan lójú wa, ṣùgbọ́n ó tó fún ọpọlọ láti wọ́ gbogbo ọ̀rọ̀ lọ sí ọ̀tún. Sípíkà àárín kò ní wàhálà yẹn. Ojú kan ló wà, ibẹ̀ náà ni ohùn rẹ̀ sì ti ń bọ̀, ibikíbi tí ẹ bá jókòó sí.

Bàbá pàápàá ń pàdánù nǹkan kan, bí wọn ò tilẹ̀ mọ̀. Etí òsì wọn ń gbọ́ gogoro òsì, ó sì tún ń gbọ́ ti ọ̀tún, tó ní láti yí orí wọn ká, tó sì pẹ́ díẹ̀ kó tó dé. Ohùn méjèèjì máa ń pa ara wọn lára ní àyíká 2000 Hz, ìyẹn ibi tí afẹ́fẹ́ ti ń gbọ̀n ní ìgbà 2000 ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Àyíká ibẹ̀ gan-an ni etí ti ń dá kọ́ńsónáǹtì kan mọ̀ yàtọ̀ sí òmíràn. Bí ibẹ̀ bá rọ̀, ẹ á gbọ́ pé ẹnìkan ń sọ̀rọ̀, ẹ ò sì ní gbọ́ ohun tó sọ.

Iṣẹ́ tí gogoro ń ṣe

Mi ò sọ̀rọ̀ gogoro láìdáa o. Inú àpótí rẹ̀ gbòòrò, ó sì máa ń ní wúfà (ojú sípíkà ńlá tó ń gbé ìró ìsàlẹ̀) méjì tàbí mẹ́ta tí wọ́n tò láti òkè wá sísàlẹ̀. Gogoro tó dáa lè dún dé 40 Hz, òmíràn tún ń lọ sísàlẹ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Okùn tó nípọn jù lára gìtá báàsì olókùn mẹ́rin tí àwọn onijùjú ń lò ń dún ní nǹkan bí 41 Hz. Ọ̀pọ̀ sípíkà àárín ti ń rẹ̀ kó tó dé 60 Hz. Ẹ fi jùjú tàbí fújì sí gogoro tòótọ́, ẹ á gbọ́ báàsì tó fìdí múlẹ̀, ẹ á gbọ́ ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ lápá kan, gángan lápá kejì, olórin láàárín, ìlù ò ní bo ohùn mọ́lẹ̀. Ohùn méjì, òsì àti ọ̀tún, ni wọ́n fi ń gba orin wọ̀nyẹn sílẹ̀. Àárín ò ní iṣẹ́ kankan níbẹ̀. Nítorí náà, ẹni tó jẹ́ pé orin ló ń gbọ́ nílé, tó ń dá jókòó sójú kan gbádùn ara rẹ̀, kó ra gogoro méjì tó dáńtọ́, kó sì gbàgbé àárín. Mo fara mọ́ ọn.

Ṣùgbọ́n tó bá jẹ́ fíìmù ni iṣẹ́ rẹ̀, tí subwoofer sì ti wà nílẹ̀, èrè gogoro á dín kù gan-an. Receiver, ẹ̀rọ tó ń gba ohùn fíìmù tó sì ń gbé e fún àwọn sípíkà, máa ń pín ohùn sí méjì, ọ̀pọ̀ ìgbà ní 80 Hz: ohun tó wà lábẹ́ ìyẹn, subwoofer ló ń gbé e. Ìró ìsàlẹ̀ tí ẹ torí rẹ̀ ra gogoro, ibòmíràn ló ti ń jáde báyìí. Sípíkà kékeré méjì lórí ẹsẹ̀ tí wọ́n fi irin tàbí pákó ṣe, àárín kan tó dáa, àti subwoofer: èyí ni n ó yàn fún ìdílé tó ń wo fíìmù, ṣáájú gogoro méjì tí kò ní àárín.

Ọ̀rọ̀ mìíràn wà tí kò yẹ kí n gbójú fò. Ọ̀pọ̀ home theatre inú páálí tí à ń rí ní Sábó, tàbí tí à ń wọkọ̀ lọ rà ní Alábà, ló ń wá pẹ̀lú sípíkà tín-ín-rín tó ga tó mítà kan, a sì ń pe àwọn náà ní gogoro. Ẹ gbé ọ̀kan lọ́wọ́: ó fúyẹ́. Ẹ yọ aṣọ ojú rẹ̀: sípíkà tí kò fẹ̀ ju àtẹ́lẹwọ́ lọ ni ẹ máa bá lókè, ìyókù ọ̀pá ike. Ẹsẹ̀ ló gùn, àpótí ohùn ò tóbi. Gogoro tòótọ́, pákó ni ara rẹ̀, inú rẹ̀ ni ohùn ti ń ní ìdí, ọ̀pọ̀ wọn sì wúwo ju kìlógíráàmù 15 lọ lẹ́yọ kan. Ẹni tó ń lo ti inú páálí, tó sì rò pé gogoro ni òun ń lò, kò tíì gbọ́ gogoro rí. Lára páálí kan náà ni ẹ ti máa rí iye wáàtì ńlá tí wọ́n kọ PMPO sí lẹ́gbẹ̀ẹ́, iye tí wọ́n kàn fi ń polówó ọjà. Ẹ yí ẹ̀yìn ẹ̀rọ náà padà, kí ẹ ka iye iná tó ń jẹ. Ẹ̀rọ tó ń fa 150W látara ògiri, kò síbi tó ti fẹ́ rí 5000W tú jáde. RMS, ìyẹn agbára tí ẹ̀rọ lè máa gbé jáde láìdúró, ni kí ẹ máa bèèrè.

Àbùkù tí àárín náà ní

Tí ẹ bá bi mí, kò yẹ kí sípíkà àárín dùbúlẹ̀ rárá. Ní sinimá, sípíkà mẹ́ta tó jọra ló dúró lẹ́yìn aṣọ ìwòran, aṣọ náà sì ní ihò wínníwínní tí ohùn ń gbà kọjá. Nílé, tẹlifíṣọ̀n ló gba àyè yẹn, ni wọ́n bá tẹ́ àárín sílẹ̀ kó lè wọ abẹ́ rẹ̀. Ìtẹ́sílẹ̀ yẹn ló bí ìṣòro.

Ẹ wo ojú èyí tó wọ́pọ̀: wúfà kan lósì, tweeter kékeré (èyí tó ń gbé ìró òkè) láàárín, wúfà kan lọ́tùn-ún, wúfà méjèèjì sì ń sọ ohun kan náà. Fún ẹni tó wà níwájú gan-an, ohùn àwọn méjèèjì ń dé pọ̀. Fún ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́, ọ̀kan ń ṣáájú èkejì. Ká ní sẹ̀ǹtímítà 30 ló wà láàárín wúfà méjèèjì, tí ẹnìkan sì jókòó ní nǹkan bíi digírì 17 sí ẹ̀gbẹ́, ìyàtọ̀ ọ̀nà tí ohùn méjèèjì rìn dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ á tó bíi sẹ̀ǹtímítà 8.5. Ìdajì gígùn ìgbì 2000 Hz nìyẹn. Nígbà tí ọ̀kan ń ti afẹ́fẹ́, èkejì á máa fà á, ohùn á sì rọ̀ níbi tí kọ́ńsónáǹtì wà. Ẹ ò rí i pé Alhaja tí a torí wọn ra àárín ni àbùkù yìí tún máa kọ́kọ́ kàn.

Oògùn rẹ̀ wà, ojú lásán lẹ sì lè fi mọ̀ ọ́n. Ẹ wá èyí tí wọ́n gbé tweeter rẹ̀ lé orí sípíkà kékeré mìíràn láàárín, tí wúfà méjì wá wà lápá ọ̀tún àti òsì. Nínú irú èyí, ìró ìsàlẹ̀ nìkan ni wọ́n ń fi lé wúfà ẹ̀gbẹ́ lọ́wọ́, ojú kan ṣoṣo sì ni ọ̀rọ̀ ti ń jáde. Ó wọ́n ju ti àkọ́kọ́ lọ, ó sì ga díẹ̀, torí náà ẹ wọn abẹ́ tẹlifíṣọ̀n yín kí ẹ tó lọ ra á.

Ẹ jẹ́ kí àárín àti sípíkà iwájú méjèèjì wá látọ̀dọ̀ ilé-iṣẹ́ kan náà, kí wọ́n sì jẹ́ ọmọ ìyá kan náà. Bí òṣèré bá ń rìn láti òsì bọ̀ sí ọ̀tún tí ohùn rẹ̀ ń yí padà lójú ọ̀nà, ẹ ò ní gbádùn fíìmù náà mọ́. Àárín burúkú tí kò bá àwọn tó kù mu, kó má sí níbẹ̀ ló sàn. Ẹni tó bá ń ra tòkunbọ̀, kó fi ìka tẹ fóòmù tó yí etí wúfà ká. Tó bá ń rún, owó àtúnṣe á lé ti ríra.

Rìmóòtù

Ibí yìí ni mo fẹ́ kí ẹ fara balẹ̀ kà jù, torí ọ̀pọ̀ sípíkà àárín tó wà nílé àwọn ènìyàn ni kò tíì dún rí, wọn ò sì mọ̀.

Ọ̀pọ̀ fíìmù Yorùbá tí à ń wò lórí YouTube, ohùn méjì ni wọ́n fi ṣe é. Tí receiver yín bá wà lórí "Stereo", gogoro méjèèjì nìkan ló máa dún, àárín á kàn jókòó síbẹ̀. Ẹ tẹ̀ ẹ́ lọ sí "Dolby Surround" tàbí "Pro Logic", èyí tó bá wà lára tiyín. Receiver á wá yọ ohun tó jọra lósì àti lọ́tùn-ún, tó sábà máa ń jẹ́ ọ̀rọ̀ ẹnu, á sì gbé e fún àárín. Tẹlifíṣọ̀n náà lè dènà. Bí sẹ́tìnnì ohùn rẹ̀ bá wà lórí PCM, tó sì jẹ́ wáyà optical ló lọ sínú receiver, ohùn méjì ló máa gba ibẹ̀ kọjá, bí fíìmù náà tilẹ̀ jẹ́ 5.1. Ẹ yí i sí "Bitstream" tàbí "Auto".

Ẹni tí kò ní àárín rárá ní iṣẹ́ kan láti ṣe: kó wọ ibi tí wọ́n ti ń to sípíkà nínú receiver, kó sì yan "None" fún center. Receiver á pín ọ̀rọ̀ sí òsì àti ọ̀tún. Bí kò bá ṣe bẹ́ẹ̀, receiver á máa fi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ sí sípíkà tí kò sí, ohun tí ẹ máa gbọ́ kò sì ní ju orin àti ariwo ẹ̀yìn lọ. Mo ti bá a pàdé nílé àwọn tó ti pinnu pé ẹ̀rọ àwọn ti bàjẹ́.

Tí gbogbo rẹ̀ bá sì ti dúró dáadáa tí ọ̀rọ̀ ṣì kéré, ẹ má fọwọ́ kan fọ́lúúmù ńlá. Ẹ lọ síbi tí wọ́n ti ń gbé ohùn sípíkà kọ̀ọ̀kan sókè lọ́tọ̀, kí ẹ fi 2 tàbí 3 dB (ìwọ̀n bí ohùn ṣe ròkè tó) kún ti àárín nìkan. Lóru, tí àwọn ọmọ bá ti sùn, "Night" tàbí "DRC" á fa ìbọn wálẹ̀, á sì gbé ọ̀rọ̀ sókè.

Ibi tí ẹ gbé e sí náà ṣe pàtàkì. Ẹ má ti àárín wọnú kọ́bọ́ọ̀dù. Ẹ fà á wá sí etí pẹpẹ, kí ẹ sì fi nǹkan gbé iwájú rẹ̀ sókè díẹ̀ kó lè kọjú sí etí ẹni tó jókòó. Ẹ má fún gogoro mọ́ igun ògiri, báàsì rẹ̀ á wú. Pálọ̀ tó jẹ́ táìsì àti ògiri ṣíṣófo máa ń dá ọ̀rọ̀ padà síni létí. Kápẹ́ẹ̀tì kan àti kọ́tìnì tó nípọn máa ń ṣe iṣẹ́ tí owó gogoro kò lè ṣe.

Ti iná náà rèé. Ẹni tó ń lo inverter, kó wo ohun tí wọ́n ń pè ní sensitivity, ìyẹn bí sípíkà ṣe ń dún sókè tó pẹ̀lú iye agbára kan náà, lẹ́yìn sípíkà tàbí nínú ìwé rẹ̀. Sípíkà 89 dB fẹ́ ìdajì agbára tí 86 dB fẹ́ láti dún dọ́gba. Bí wọ́n bá kọ 4 ohm (ìwọ̀n bí sípíkà ṣe ń dènà iná tó) sí gogoro, ẹ rí i dájú pé amplifier yín, ẹ̀rọ tó ń fún sípíkà lágbára, gbà á, torí amplifier tí kò gbà á á máa gbóná, yóò sì máa kú láàárín fíìmù. Tí jẹnẹrétọ̀ aládùúgbò bá sì ń ké lábẹ́ fèrèsé, ìró ìsàlẹ̀ ló ń kó wọlé jù. Àárín tó mọ́ kedere á ṣì gba inú rẹ̀ yọ ju gogoro tí ẹ ṣí tán lọ.

Tí ẹ bá dé ìsọ̀, ẹ má jẹ́ kí oníṣọ́ọ̀bù fi orin báàsì tàn yín. Ẹ wá ìròyìn Yorùbá kan sórí fóònù yín, tí ọkùnrin àti obìnrin ń kà, kí ẹ ní kó so ó mọ́ sípíkà àárín nìkan. Ẹ kọ́kọ́ gbọ́ ọ ní ohùn kékeré. Lẹ́yìn náà, ẹ dúró níwájú rẹ̀, kí ẹ máa rìn díẹ̀díẹ̀ lọ sí ẹ̀gbẹ́, dé ibi tí àga Alhaja máa wà. Bí ohùn obìnrin yẹn bá ń di ti ẹni tó fọwọ́ bo ẹnu bí ẹ ṣe ń lọ, ẹ ní kó gbé òmíràn wá. Bí kò bá yí padà, ẹ bi í ní iye tó fẹ́ tà á.